Ohun Tójú Mi Rí Lọ́wọ́ Ìkòkò àti Èédú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn díẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ sísè wọ̀ mí lára, mi ò sọ ti kéèyàn kàn sè é kó ṣáà ti rí nǹkan jẹ o, mo ń sọ ti kéèyàn fẹ́ràn ẹ̀ débi táá máa ra ìkòkò, ra páànù, ra àdògán tí wọ́n fi ń yan ẹran, táá tún máa rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Kò sẹ́ni tó fọ̀nà hàn mí. Ìkòkò tó bá ti ń dán ni mò ń rà, iná tó bá ti tètè ràn ni mò ń dá. Nǹkan méjèèjì yẹn ló kó bá mi, ti iná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí nínú ilé mi. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ìkòkò ni màá fi bẹ̀rẹ̀ torí òun ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

Odidi sẹ́ẹ̀tì ni mo rà lẹ́ẹ̀kan náà, ìkòkò àti páànù pẹ̀lú ìdérí wọn, sítéènlẹ́ẹ̀sì tó ń dán bíi dígí. Wọ́n kọ 18/10 sí ìdí wọn, mo sì rò pé máàkì tó gbà nìyẹn, pé ojúlówó ni. Àṣé ohun tí wọ́n pò pọ̀ nínú irin yẹn ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, pé kúrómíọ̀mù inú ẹ̀ tó ìdá 18 nínú 100, níkẹ́ẹ̀lì sì tó ìdá 10. Kò sọ bó ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ibi tó nípọn dé gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tèmi yẹn fẹ́lẹ́ bíi bébà. Tí mo bá gbé ọbẹ̀ kaná, àárín á ti jó, etí á ṣì tutù, tí mo bá wá fọ̀ ọ́ tán màá rí àmì dúdú róbótó nínú ìkòkò yẹn, bí iná abẹ́ ẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ ló ṣe ya ara ẹ̀ síbẹ̀. Mo wá ń bínú sí ara mi pé mi ò mọ ọbẹ̀ sè. Ìyàwó mi á jẹ ẹ́, kò ní sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló tún ń dùn mí jù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé sítéènlẹ́ẹ̀sì kì í tètè gbé ooru rìn. Ibi tí iná bá ti bá a, ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí. Alumíníọ̀mù ń gbé ooru kiri jù ú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 10, bàbà tún ju alumíníọ̀mù lọ. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò sítéènlẹ́ẹ̀sì tó dáa fi máa ń ní alumíníọ̀mù tàbí bàbà tí wọ́n há sáàárín irin méjì, ó lè jẹ́ ìdí nìkan, ó sì lè jẹ́ látìdí dé etí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ gbé e lọ́wọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe wúwo tó, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹ fi eegun ìka kàn án. Tó bá dún gbì, ó ṣeé rà. Tó bá ń dún gbangban bí agolo òfìfo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Tó bá sì jẹ́ sítóòfù induction, ìyẹn sítóòfù iná mànàmáná tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná, lẹ̀ ń lò, ẹ mú òòfà kékeré dání, tí òòfà ò bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò yẹn, sítóòfù yín ò ní mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan lé òun.

Ọwọ́ ìkòkò náà ńkọ́? Síkúrúù kan ṣoṣo ni wọ́n fi de ọwọ́ ti èmi. Ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀, màá fún un, á tún tú, mo kà á sí nǹkan kékeré. Lọ́jọ́ kan mo se ọ̀dùnkún, mo gbé ìkòkò yẹn kí n lọ da omi ẹ̀ dànù, ọwọ́ yẹn yí bìrí ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ìkòkò dojú kọlẹ̀, omi híhó ya lé mi lẹ́sẹ̀ òsì. Mo ṣì ń rántí bí awọ orí ẹsẹ̀ yẹn ṣe funfun kó tó wá pọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi wọ bàtà. Ẹnì kan ní kí n fi bọ́tà sí i, mo sì fi sí i, àṣìṣe tún nìyẹn, torí bọ́tà máa ń há ooru mọ́ ojú egbò ni. Omi tútù tó ń ṣàn ló yẹ kéèyàn gbé e sí fún bí 20 ìṣẹ́jú. Látọjọ́ yẹn, ọwọ́ tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó tí kì í tú bíi síkúrúù, kàn mọ́ ìkòkò, méjì ó kéré tán, tàbí tó jẹ́ pé irin kan náà ni òun àti ìkòkò, ni mò ń rà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra páànù nonstick, èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ẹyin ń yọ̀ lórí ẹ̀ bí ẹni ń sáré lórí yìnyín, inú mi dùn. Mo ń fi síbí onírin ro nǹkan nínú ẹ̀. Mo ń fi wáyà fọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó wẹ́wẹ́ sínú oúnjẹ, síbẹ̀ mi ò jù ú nù, torí mo náwó lé e. Ọjọ́ tó yà mí lẹ́nu ni ọjọ́ tí mo gbé e kaná lófìfo, mo tan iná sókè pátápátá kó lè tètè gbóná, ìpè wá wọlé lórí fóònù mi, mo jáde lọ gbà á. Ìgbà tí mo fi máa padà, òórùn kan ti gba inú kíṣíìnì, kì í ṣe òórùn oúnjẹ tó jóná, ó dà bí ike tó ń yòrò, ó ń ta èèyàn nímú, ọmọ mi obìnrin sì ti ń wúkọ́ ní pálọ̀. Mo ṣí gbogbo wíńdò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá lọ kà nípa ẹ̀. Nǹkan tí wọ́n fi ń bo ojú páànù yẹn, PTFE ni wọ́n ń pè é, ọdún 1938 ni wọ́n ṣàdédé rí i ní Amẹ́ríkà. Tó bá ti kọjá nǹkan bí 260°C ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, tó bá fi máa dé 350°C ó ti ń tú èéfín burúkú jáde, èéfín yẹn lè pa ẹyẹ tí wọ́n ń sìn nínú ilé, ó sì lè fa ibà àti gbígbọ̀n fún èèyàn. Oúnjẹ tàbí epo tó wà nínú páànù kì í jẹ́ kó tètè dé bẹ̀, ófìfo lórí iná ńlá ló ń gbé e débẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló sì máa gbà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó o. Èmi náà ṣì ní ọ̀kan, ẹyin àti ẹja rírọ̀ nìkan ni mò ń fi ṣe, iná ìwọ̀nba, síbí onígi, kànrìnkàn rírọ̀, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ó di jíjù nù. Ẹ má ṣe bíi tèmi tí owó tí mo ná ń dùn mí títí mo fi ń jẹ ohun tó ń bó lára páànù.

Ti alumíníọ̀mù lásán, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Ó fúyẹ́, ó ń gbóná kíá, àmọ́ kì í bá nǹkan kíkan ṣọ̀rẹ́. Mo se tòmátò nínú ẹ̀, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ yẹn ti ní adùn irin lẹ́nu, inú ìkòkò sì ti ń dán níbi tí tòmátò ti bó o. Ẹ sáà má fi oúnjẹ kíkan sùn nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí wọ́n yọ́ láti ara irin àkókù, tẹ́ni kankan ò mọ ohun tó wà nínú irin náà, ìyẹn ni mò ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ sá fún, torí òjé lè wà nínú ẹ̀, òjé sì máa ń ṣe ọpọlọ ọmọdé ní jàǹbá láìsí pé ojú rí i.

Ẹ jẹ́ n sọ ti páànù irin dúdú, torí òun ni mo fẹ́ràn jù báyìí, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fìyà jẹ jù. Ẹni tó fún mi sọ pé èèyàn lè lò ó títí táá fi jogún ẹ̀ fọ́mọ. Mo fi yan ẹran, mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ mọ́jú. Nígbà tilẹ̀ mọ́ ó ti dógùn-ún, ó pọ́n rẹ́rẹ́ látòkè délẹ̀. Mo gbé e jáde láti lọ jù ú nù, Màmá kan tó ń gbé ládùúgbò wa rí mi.

Wọ́n ní, "Kí ni irin yẹn ṣe fún ẹ?"

Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ Mà, ó ti bàjẹ́ ni."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Irin kì í bàjẹ́ báyìí, ọmọ mi. Wọlé wá."

Wọ́n fi wáyà àti iyọ̀ ha gbogbo ìdógùn-ún yẹn kúrò, wọ́n ṣan án, wọ́n gbé e kaná títí omi ara ẹ̀ fi gbẹ pátápátá. Wọ́n wá ní kí n fi epo pa á. Mo da epo sí i, mo pa á, ó ń dán. Wọ́n mú àkísà, wọ́n nu gbogbo ẹ̀ kúrò. Mo ní ṣé a ò ní fi epo sí i mọ́ ni, wọ́n ní ó ti wà lára ẹ̀, "epo tí ojú ẹ bá ṣì ń rí, ó ti pọ̀ jù." Wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ nínú ààrò wọn, nǹkan bíi 220°C, wákàtí kan, wọ́n pa iná, wọ́n jẹ́ kó tutù síbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta la tún un ṣe. Ohun tí ooru ń ṣe ni pé ó ń sọ epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn di awọ líle lára irin, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Tí epo bá pọ̀, ńṣe láá máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ bí oje igi. Mo mọ̀ torí mo dá a ṣe nílé lẹ́yìn náà, mo fi epo púpọ̀ sí i pé kí awọ yẹn lè nípọn, mo ha gbogbo ẹ̀ kúrò, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ọṣẹ díẹ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kẹ́ni kankan dẹ́rù bà yín. Omi tó bá pẹ́ lára ẹ̀ lọ̀tá ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán ẹ gbé e kaná kó gbẹ, ẹ fi epo díẹ̀ pa á, ó parí. Ẹ má sì gbé e láti orí iná sábẹ́ ẹ̀rọ omi o, òun lè sán, sítéènlẹ́ẹ̀sì fẹ́lẹ́ ní tiẹ̀ á ká. Mo ṣe é fún ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀tì yẹn, ó dún pàó, ìdí ẹ̀ wú sókè, látìgbà yẹn gbogbo epo tí mo bá dà sí i etí ló ń sá lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí èédú.

Àdògán tí mo rà, kò burú. Èédú tí mo ń rà sí i ló burú. Mo ń wá èyí tówó ẹ̀ kéré, àpò á kún, tí mo bá tú u ìdajì ẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú, èyí tó kù á tutù nítorí pé ibi tí òjò ń dé ni wọ́n tò ó sí. Kò ní ràn. Mo wá ń da kẹrosíìnì lé e. Iná á gbà bùlà, inú mi á dùn, mo máa gbé ẹran lé e lójú ẹsẹ̀ torí ojú iná ni mo rò pé ẹran ti ń jinná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe àwọn ọ̀rẹ́ wa wá jẹ ẹran yíyan, adìyẹ yẹn dúdú níta, ó pọ́n nínú, ó sì ń rùn bíi láńtà. Wọ́n jẹun díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wojú ara wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ la kó dànù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àtìyàwó mi, a ò bára wa sọ̀rọ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé iná tó ń jó kọ́ ló ń yan ẹran, ẹyín iná ni. Kéèyàn dá èédú, kó fi sílẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, títí eérú funfun fi máa bò ó lára, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tó gbé ẹran lé. Ọ̀nà tí mo ń gbà dá a báyìí ò la kẹrosíìnì lọ rárá. Agolo irin gígùn kan ni, ó ṣí lókè, ó ní ihò nísàlẹ̀, wọ́n ń tà á, èèyàn sì lè ṣe é fúnra ẹ̀. Èédú á wà lókè, bébà tá a rún á wà nísàlẹ̀, ẹ ṣáná sí bébà, ooru á máa gòkè fúnra ẹ̀, á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ á ràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, irin tí wọ́n fi síńkì bò ni kẹ́ ẹ má lò, torí tí síńkì bá gbóná jù èéfín ẹ̀ máa ń fún èèyàn ní ibà.

Èédú pàápàá ò dọ́gba. Èyí tó jẹ́ pé igi gidi ni wọ́n sun, tó rí wágawàga, ń gbóná gan-an ó sì ń tètè jó tán, eérú ẹ̀ ò pọ̀. Èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n wá fi nǹkan bíi sítáàṣì mọ ṣù, briquette yẹn, iná tiẹ̀ ṣe déédéé ó sì ń pẹ́, àmọ́ eérú ẹ̀ pọ̀. Mo ń lo ti àkọ́kọ́ fún nǹkan tó máa tètè jinná, mo ń lo èkejì fún ẹran ńlá. Èyí tí wọ́n ti fi epo sí tẹ́lẹ̀ pé kó lè tètè ràn, mi ò sún mọ́ ọn mọ́. Ẹ gbé èédú yín síbi gbígbẹ, ẹ dé e.

Igi ńkọ́? Mo ṣe èyí náà, mo sì ń kábàámọ̀ ẹ̀ títí dòní. Mo ní pákó àtijọ́, fírémù ilẹ̀kùn tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà, mo là á, mo fi yan ẹja fún àwọn ọmọ. Igi tí wọ́n kùn, tàbí tí wọ́n fi kẹ́míkà sí kí ikán má jẹ ẹ́, wọn kì í fi dáná oúnjẹ. Òmíràn nínú kẹ́míkà yẹn ní arsenic, májèlé sì ni, iná ò lè jó o tán, inú èéfín àti eérú ló máa wà. Plywood náà bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù ló kún inú ẹ̀. Igi líle tó gbẹ dáadáa, tí wọn ò fi nǹkan kan sí lára, òun nìkan. Igi tútù á máa rú èéfín kíkorò, igi olóje bíi páínì á fi dúdú bo gbogbo ẹran yín.

Mo wá dé ibi tí mo ń bọ̀.

Ọjọ́ ìbí ọmọ mi ni. Ẹran wà lórí àdògán níta, ìdajì ti jinná, òjò wá ṣú, ó sì rọ̀. Mo gbé àdògán yẹn, èmi ni mo gbé e, wọ inú gáréèjì tó so mọ́ ilé wa. Mo ṣí ilẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ díẹ̀, mo parí ẹran. A jẹun, a ṣeré. Èédú yẹn ti rọlẹ̀, kò rú èéfín mọ́, ó kàn ń pọ́n fírífírí lábẹ́ eérú, mo ní á kú fúnra ẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ńlá nítorí òjò. Ilẹ̀kùn tó já sínú ilé ò pa dé dáadáa.

Kò tó wákàtí méjì, ọmọ mi ní orí ń fọ́ òun. Mo ní ariwo ló pọ̀ jù. Ìyàwó mi náà ní òòyì ń kọ́ òun, ó jókòó sílẹ̀. Ọmọ bì. Mo rò pé ẹran yẹn ni ò jinná, àbí ẹ rí i, ẹran ni mo ń rò. Mo dìde kí n lọ bu omi fún wọn, orúnkún mi ò gbé mi. Ìgbà yẹn lọkàn mi sọ pé ẹran ò lè ṣe àwa mẹ́ta báyìí lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ bí mo ṣe gbé ọmọ yẹn, mo fa ìyàwó mi lọ́wọ́, a bọ́ síta sínú òjò. Inú òjò yẹn la jókòó sí títí àwọn tó wá gbé wa fi dé. Ní ọsibítù wọ́n fi ọ́síjìn sí wa nímú fún wákàtí púpọ̀, ọmọ mi ń wò mí látinú ìbòmú yẹn, kò tiẹ̀ sunkún.

Kábọ̀n mónọ́ksáìdì ni wọ́n ń pè é. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò ta èèyàn lójú. Ẹ̀jẹ̀ wa máa ń dì mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, nítorí náà èyí tó kéré gan-an ti tó láti gba àyè ọ́síjìn lára. Èédú tó ń kú lọ ń mú un jáde, kódà nígbà tí èéfín ò sí mọ́. Ṣíṣí wíńdò ò tó. Ẹ má gbé e wọ kíṣíìnì, ẹ má gbé e wọ gáréèjì, ẹ má gbé e wọ inú àgọ́, ẹ má fi yá iná lóru. Tí orí bá ń fọ́ ẹni tó ju ẹyọ kan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ jáde ná, kẹ́ ẹ tó máa wádìí ohun tó fà á. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń ké tó bá ti mọ̀ pé ó wà nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń tà á, mo ra méjì.

Ó pẹ́ kí n tó tún dáná èédú. Gáàsì ni mo kọ́kọ́ lọ lò, òun náà ní tiẹ̀. Tí mo bá ti so rọ́bà mọ́ sílíńdà, màá fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé ẹ̀, tó bá hó gáàsì ń jò nìyẹn. Mo máa ń ṣí ìdérí àdògán gáàsì yẹn kí n tó ṣáná, torí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ńṣe ló máa ń kó jọ sísàlẹ̀ tó ń dúró de iná.

Mo ti padà sí èédú báyìí, níta gbangba. Mo ń kó ẹyín iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo, kí n lè rí ibi gbé ẹran sá sí tí ọ̀rá bá ń kán tí iná sì ń sọ sókè, torí èéfín ọ̀rá tó ń jó yẹn kò dáa lára. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru inú ẹran, adìyẹ gbọ́dọ̀ dé 74°C ní àárín, mi ò fojú wò ó mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà tí wọ́n fi ń fọ irin tí wọ́n ń yan ẹran lé, mo ti jù ú nù, torí fọ́nrán ẹ̀ máa ń já sára irin, á bá ẹran lọ sí ọ̀fun èèyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò tún bá wa níta. Ọmọ mi dìde kó tó sọ̀rọ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo dé ìdérí àdògán, mo dí gbogbo ihò ẹ̀ kí iná lè kú sínú òjò níbi tó wà, mo kó ẹran tó kù wọlé. Páànù dúdú tí Màmá bá mi tún ṣe la gbé kaná lórí sítóòfù, inú ẹ̀ la ti yan èyí tó kù.